Òòyì Méjì Nínú Aṣọ Kan: Àkọsílẹ̀ Òmùwẹ̀ Kan Tó Ń Kọ́ Dry Suit

Obìnrin ni, ó ti lé ní ogójì ọdún, omi kò sì ṣàjèjì sí i. Ó ti pẹ́ tó ti ń mòòkùn pẹ̀lú sílíńdà lẹ́yìn nínú òkun olómi lílọ́wọ́ọ́rọ́, aṣọ rọ́bà fẹ́lẹ́ tí omi ń wọ̀ ló máa ń wọ̀, òòyì kò sì kọ́ ọ rí lábẹ́ omi. Nígbà tó wù ú láti máa mòòkùn nínú adágún olómi tútù, ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo dry suit, ìyẹn aṣọ ìmòòkùn tí omi kì í wọ̀ rárá, tí rọ́bà rẹ̀ fún mọ́ ọrùn àti ọrùn ọwọ́, tí èèyàn á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ bó bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gbé aṣọ yìí wọ̀ ni òòyì ti bẹ̀rẹ̀.

Inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n kọ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e wọ omi. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé láti ara bọ́tìnnì tó wà láyà, bó ṣe ń jáde láti ara fáàfù tó wà ní apá òsì, àti ohun tó yẹ kó ṣe bí afẹ́fẹ́ bá sá gba ẹsẹ̀ lọ. Omi ibẹ̀ kò tutù, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò wọ ìborí rọ́bà. Bí obìnrin yìí ṣe wọ aṣọ tán, tó dúró létí omi, tó yí ọrùn kó lè wo fáàfù apá òsì rẹ̀, ojú rẹ̀ ṣú, etí rẹ̀ ń hó, orúnkún rẹ̀ sì fẹ́ yẹ̀. Ó jókòó. Ó ti ìka bọ abẹ́ rọ́bà ọrùn, ó fà á síwájú kí ó lè mí, kò sì pẹ́ tí ara rẹ̀ fi balẹ̀.

Olùkọ́ rẹ̀ ní ooru ni. Ọ̀rọ̀ náà kò burú: aṣọ òtútù tó nípọn wà lábẹ́, aṣọ tí atẹ́gùn kì í gbà kọjá wà lókè, ó sì ti dúró pẹ́ kí wọ́n tó wọ omi. Wọ́n ní kó máa tètè wọ omi tó bá ti wọṣọ tán. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ṣì ń ṣú u díẹ̀díẹ̀ nígbàkigbà tó bá gbé orí sókè lórí omi, àmọ́ ó parí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ló ṣe gan-an tí ara rẹ̀ fi balẹ̀ nígbà tó jókòó.

Adágún tòótọ́ ló kàn. Ìgbà òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ ni, omi náà sì wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 6 lórí òṣùwọ̀n Celsius láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí gbogbo wọn wọ ìborí rọ́bà tó nípọn tó mìlímítà 7. Lórí omi, ojú obìnrin yìí tún ṣú bíi ti àtẹ̀yìnwá. Wọ́n di okùn ìtọ́nà mú, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé nǹkan bíi mítà 5, ayé yí bìrí. Ó sọ lẹ́yìn náà pé okùn tí òun dì mú ń sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ òun kò kúrò lójú kan, àti pé òun kò mọ ibi tí òkè wà mọ́. Ó di okùn náà mú gírígírí, ó dijú. Kò tó bí ìṣẹ́jú kan tí gbogbo rẹ̀ fi rọlẹ̀. Wọ́n parí ìmòòkùn náà. Nígbà tí wọ́n gòkè, kò sí ohun tó ń ṣe é: etí kò dùn ún, kò pariwo, ó sì ń gbọ́ràn dáadáa.

Olùkọ́ náà rò ó síwá sẹ́yìn, ó ní ìpayà ni. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà a máa ń mí kúkurú kúkurú, kì í mí síta tán, gáàsì carbon dioxide á sì kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Lóòótọ́ ni òòyì lè tibẹ̀ wá. Àmọ́ ẹni tí gáàsì yẹn bá mú, orí sábà máa ń fọ́ ọ, èémí rẹ̀ á sì máa sáré láìṣeé dá dúró. Orí kò fọ́ obìnrin yìí rárá, ẹni tó sì mòòkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí i pé èémí rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́. Lójú tèmi, ìpayà ni orúkọ tí àwa tí a ń kọ́ni máa ń tètè pe ohun tí a kò tíì yẹ̀ wò. Obìnrin náà ní òun á rọra mí, ó sì rọra mí lóòótọ́. Ní ìmòòkùn kejì, ayé tún yí.

Olùkọ́ mìíràn, tó dàgbà sídìí iṣẹ́ náà ju ti àkọ́kọ́ lọ, wà níbẹ̀ nígbà tó ń bọ́ aṣọ. Ó rí àpá pupa tó yí ọrùn rẹ̀ ká, tó ga dé abẹ́ àgbọ̀n, ó sì rí i pé ojú rẹ̀ wú díẹ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí ẹ bá ti sinmi tán, ẹ bá mi tún un wọ̀, kí ẹ sì jókòó.” Nígbà tó wọ̀ ọ́ tán, ó fi ẹ̀rọ kékeré tó ń ka lílù ọkàn sí i níka. Ó ní kó yí ọrùn sí òsì, kó tún gbé orí sókè. Lílù ọkàn rẹ̀ já wálẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń ṣú. Olùkọ́ náà fa rọ́bà ọrùn kúrò lára rẹ̀ díẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì padà sí bó ṣe wà.

Níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ọrùn ti pín sí méjì, lábẹ́ àgbọ̀n ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni ohun tí ara fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wà. Bí nǹkan bá tẹ ibẹ̀ láti ìta, ara á gbà pé ẹ̀jẹ̀ ti ru jù. Á ní kí ọkàn rọra máa lù, á sì dẹ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí orí á dínkù, ojú á ṣú, ẹlòmíì á sì dákú pátápátá. Rọ́bà ọrùn tuntun tó fún jù ń ṣe èyí fún àwọn kan, àgàgà bí wọ́n bá yí ọrùn. Kò ní í ṣe pẹ̀lú ìjìnlẹ̀ omi. Ó lè ṣe èèyàn lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Látẹ́ẹ̀sì ni wọ́n fi ṣe rọ́bà ọrùn tirẹ̀, irú èyí tó ní ìlà róbótó-róbótó tí wọ́n ń tọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ gé e. Wọ́n gé ìlà kan, wọ́n ní kó tún un wọ̀, ó ṣì fún. Wọ́n gé òmíràn, ó tó. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gé e, torí pé èyí tí a bá gé jù á máa gba omi sínú aṣọ, kò sì sí ohun tí a lè ṣe sí i ju ká pààrọ̀ rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ neoprene ni, ìyẹn rọ́bà tó nípọn tó rí bíi kànìnkànìn, wọn kò ní gé e. Ńṣe ni wọ́n máa ń fà á wọ ara nǹkan róbótó kó sùn síbẹ̀ mọ́jú.

Wọ́n padà sí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ láti dán an wò. Obìnrin náà yí ọrùn, ó gbé orí sókè, ó dorí kodò, ó yí po. Ojú kò ṣú. Òòyì kò kọ́ ọ. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ìṣòro ti yanjú.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró wò. Ìdánwò yẹn péye fún ohun kan, wọ́n sì fi pa ohun méjì rẹ́. Omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sì sí ìborí lórí rẹ̀. Ohun tó yí ayé po ní mítà 5 kò sí níbẹ̀ rárá, báwo ni ó ṣe máa hàn? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nígbà tí wọ́n padà sí adágún olómi tútù, ojú kò ṣú u mọ́ lórí omi, inú gbogbo wọn sì dùn. Nítorí ìdùnnú yẹn ni wọn kò ṣe di okùn mú. Omi aláwọ̀ ewé ni níwájú, ẹ̀yìn àti ìsàlẹ̀, kò sí ohun tí ojú lè gbá mú. Ní bíi mítà 6, ayé yí bìrí, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì àyà torí pé ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú aṣọ bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Bí ara rẹ̀ ṣe gan, ọwọ́ yẹn tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀, kò sì tú u sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ kún aṣọ. Bó ṣe tẹ̀ síwájú, afẹ́fẹ́ náà sá gba ẹsẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ gòkè, orí rẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Fáàfù apá òsì tó yẹ kí afẹ́fẹ́ bá jáde ti wà nísàlẹ̀ báyìí, omi ló yí i ká, afẹ́fẹ́ wà lẹ́sẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè pẹ̀lú ẹsẹ̀ níwájú.

Ẹni tó bá gbọ́ mítà 6 lè rò pé kò jìn. Láti mítà 6 dé ojú omi, afẹ́fẹ́ tó wà nínú aṣọ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró máa ń fẹ̀ ju bó ṣe wà lọ ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, torí pé apá òkè omi ni ìfúnpá ti ń yí padà kíákíá jù. Ẹni tó bá há èémí mọ́ra lásìkò yẹn lè fa ẹ̀dọ̀fóró ara rẹ̀ ya. Olùkọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbá a mú ní ìgbáròkó, ó fi gbogbo agbára yí i padà kí orí rẹ̀ lè wà lókè, ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí bọ́tìnnì, ó gbé ìgbúnwọ́ òsì rẹ̀ sókè. Afẹ́fẹ́ tú jáde gbùà. Wọ́n rọra gòkè. Èébì ń gbé e, àmọ́ kò bì, ara rẹ̀ sì ti balẹ̀ kí wọ́n tó dé èbúté.

Wọ́n dá ẹ̀kọ́ dúró, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí dókítà tó mọ̀ nípa ìmòòkùn. Ohun tí wọ́n bẹ̀rù kò kéré. Ẹni tó bá fún imú, tó sì fi agbára fẹ́ afẹ́fẹ́ jù kí etí rẹ̀ lè ṣí, nǹkan lè ya nínú etí inú lọ́hùn-ún. Òòyì ti ìyẹn kì í tán ní ìṣẹ́jú kan, etí á máa hó, ìgbọ́ràn á sì dínkù. Àìsàn bends, èyí tí gáàsì tó di ìfófó nínú ara òmùwẹ̀ máa ń fà, náà lè kọlu etí inú, àmọ́ lẹ́yìn ìmòòkùn tó jìn tàbí tó pẹ́ ló sábà máa ń yọjú, nígbà tí èèyàn bá ń gòkè tàbí tó ti gòkè tán. Ẹni tó lọ sí mítà 6 fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kò sí nínú ewu yẹn. Òmíràn tún wà tí ọmọ Sweden kan, Claes Lundgren, ṣàlàyé lọ́dún 1965: bí èèyàn bá ń gòkè, tí afẹ́fẹ́ inú etí kan ń jáde tí ti èkejì há, ìfúnpá etí méjèèjì kò ní dọ́gba, ayé á sì máa yí. Ẹni tó bá ṣe, bó bá padà sísàlẹ̀ díẹ̀, á dẹrùn. Èyí kò bá ti obìnrin yìí mu, nítorí pé ìgbà tó ń lọ sísàlẹ̀ ni tirẹ̀ máa ń ṣe.

Dókítà yẹ awọ etí rẹ̀ wò bóyá ó ti lu, torí pé omi tútù tó bá gba ibi tó lu wọ àárín etí máa ń fa òòyì líle. Kò lu. Ìgbọ́ràn rẹ̀ pé. Ohun kan ṣoṣo tó rí ni pé ìdọ̀tí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ihò etí òsì rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá bi í ní ìbéèrè tó tú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, “Ẹ má ṣàlàyé fún mi mọ́ mà. Ẹ dìde, kí ẹ ṣe bí ẹ ṣe máa ń ṣe tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀.” Obìnrin náà dìde. Ó gbé ọwọ́ òsì sáyà. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún fún imú. Ó wá gbé ìka ọwọ́ ọ̀tún kan náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ojú, ó sì ṣe bí ẹni ń ṣí nǹkan.

“Kí lẹ ń ṣí yẹn?”

“Ìborí ni. Etí ọ̀tún máa ń dùn mí. Olùkọ́ ní kí n máa fà á díẹ̀ kí omi lè wọlé.”

“Ti òsì ńkọ́?”

“Ti òsì kì í dùn mí. Ọwọ́ òsì mi náà kò sì ráyè.”

Ìmọ̀ràn olùkọ́ yẹn tọ̀nà. Ìborí tó fún lè dí ẹnu ihò etí pa, afẹ́fẹ́ tó há síbẹ̀ á máa sún kì bí ìfúnpá ṣe ń pọ̀ sí i, á sì máa fa awọ etí síta. Kí omi wọlé ni ìtọ́jú rẹ̀. Àmọ́ omi ìwọ̀n 6 ló wọ etí ọ̀tún lójijì; ní òsì, ìborí ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, ìdọ̀tí sì tún dí ihò náà. Etí kan tutù, èkejì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Àwọn dókítà etí ti mọ̀ nípa èyí tipẹ́, kódà òun ni wọ́n fi ń yẹ etí inú wò. Robert Bárány, dókítà kan ní Vienna, ló kíyè sí i pé bí òun bá da omi tútù sí etí aláìsàn, òòyì á kọ́ ọ, ẹyin ojú rẹ̀ á sì máa ta sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí omi bá gbóná jù, ojú á ta sí ìdà kejì. Ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1914 ni iṣẹ́ rẹ̀ lórí etí inú gbà fún un, inú àhámọ́ ogun ní Rọ́ṣíà ló sì wà nígbà tí ìròyìn náà dé bá a. Omi tó wà nínú àwọn ihò róbótó inú etí ni òtútù náà ń kọlù: apá tó bá tutù á wúwo, á rì, ọpọlọ á sì gbà pé orí ń yí nígbà tí orí dúró sójú kan. Ó máa ń le jù bí èèyàn bá dùbúlẹ̀, torí pé ihò tó wà nípa ẹ̀gbẹ́ á dúró lóòró nígbà náà. Òmùwẹ̀ tó na ara gbọọrọ nínú omi kò yàtọ̀ sí ẹni tó dùbúlẹ̀. Ní ìmòòkùn tí wọ́n di okùn mú, ó wà lóòró. Nígbà tí kò sí okùn, ó na ara. Ìyẹn ni mo rò pé ó jẹ́ kí ti ọjọ́ yẹn le ju ti tẹ́lẹ̀.

Dókítà fọ etí òsì náà. Olùkọ́ àgbà ní kó máa di okùn mú lórí omi, kó dúró lóòró, kó sì fi ọwọ́ méjèèjì ṣí ìborí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. Omi wọ etí méjèèjì, ó gún un bí òtútù ṣe ń gún èèyàn, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú ìborí. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ayé kò yí. Wọ́n tún ṣe é, kò yí.

Ẹ̀rí tó dára jù lọ kò wá láti inú ètò ẹnikẹ́ni. Ní ìmòòkùn kan lẹ́yìn náà, ó yá ìborí mìíràn tó fún ju tirẹ̀ lọ. Etí ọ̀tún dùn ún, ọwọ́ tí àṣà ti mọ́ lára sì lọ ṣí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan. Ayé yí. Àmọ́ ó ti mọ ohun tó jẹ́. Ó mú ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, ó di okùn mú, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà ọwọ́ rẹ̀ kí ó lè rí i pé ìjìnlẹ̀ kò yí padà, ó dúró. Ó kọjá, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní dry suit, ohun tí mo rí mú níbẹ̀ kò le. Kí ẹ tó fọwọ́ kan rọ́bà tàbí fáàfù kankan, ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ bóyá ojú rẹ̀ ń ṣú bí ẹni fẹ́ dákú tàbí ayé ló ń yí. Ìdáhùn sí ìyẹn nìkan á ti yà yín sọ́nà méjì: èyí tó ń ṣú, ẹ wá a sí ọrùn, ooru àti èémí, èyí tó ń yí, ẹ wá a sí etí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ní kó fi hàn yín, kó má kàn ṣàlàyé. Ẹnu rẹ̀ kò lè sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe láìrò. Bí ẹ bá sì ti tún nǹkan kan ṣe, ibi tí òòyì ti kọ́ ọ gan-an ni kí ẹ padà lọ dán an wò, pẹ̀lú ìborí, nínú omi tútù kan náà, kí okùn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ìgbà tó bá ń ṣe é lọ́wọ́, ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì ló ṣáájú ohun gbogbo. Kó gbá nǹkan tó dúró mú. Bí kò bá sí, kí ẹnìkejì rẹ̀ di apá rẹ̀ mú kí ó sì wá sí iwájú rẹ̀. Kó má sáré gòkè. Bí èébì bá dé, kó bì í sínú règúlétọ̀, ìyẹn ohun tó fi sẹ́nu tó fi ń mí, láìyọ ọ́ lẹ́nu, kó sì tẹ bọ́tìnnì iwájú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fọ̀ ọ́ kí ó tó tún mí. Òòyì tí kò bá lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tàbí tó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tó ti gòkè tán, tàbí tí etí ń hó tàbí tí kò gbọ́ràn bíi ti tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí mo ń sọ níbí: kò gbọdọ̀ tún wọ omi lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ yẹn náà ni kó dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí ẹ sì fún un ní ọ́síjìn bẹ́ ẹ bá ṣe ń gbé e lọ.